Àró Kan Ìsà

Ọkọ́ márùn-ún ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ lóko Modeste ní abúlé Datcha, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́ kí àwọn yòókù lè gbọ́. Ohùn Jules ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kàwé ní ilẹ̀ Faransé.

Jules ní òun wá yàrá. Lórí fóònù, onílé ní kí òun máa bọ̀. Nígbà tó rí ojú òun lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹlòmíràn ti gbà á. Òun bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ọmọ Áfíríkà kan ti gbé ibẹ̀ rí, ó sì ba ilé jẹ́.

"Ṣé Jules ló ba ilé náà jẹ́ ni?" Bérénice béèrè.

"Àwọ̀ ara rẹ̀ ló bà á jẹ́," Espoir dáhùn.

Gilbert sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀. "Jẹ́ kí n dé ọ̀hún ná. Onílé yẹn á gbọ́ tẹnu mi."

"Ìwọ tí o kò tíì dé Lomé," Bérénice ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìsà náà rẹ́rìn-ín. Fúlàní ni. Datcha ni wọ́n bí i sí, òun àti Modeste ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ ti ta gbogbo màlúù rẹ̀ tipẹ́. Iṣu ni Ìsà ń gbìn.

Àró ni àwọn márààrún ń ṣe. Wọ́n ti ṣe ti Gilbert, ti Espoir àti ti Bérénice. Ti Modeste ni wọ́n ń parí lọ yìí. Ọjọ́bọ̀ ló kan Ìsà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Gilbert lẹ́bàá ìlú Glei. Wọ́n jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Gilbert pe àwọn mẹ́ta yòókù jọ láìsọ fún Ìsà.

"Fúlàní ló fi màlúù jẹ oko wa. A ò ní lọ sí oko Ìsà."

Bérénice fẹ́ kọ̀. Ó gbà nígbẹ̀yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìsà dúró lóko títí oòrùn fi gòkè. Kò rí ẹnì kan. Ó ti gé ọ̀ọ́dúnrún èbù iṣu, ó ti fi eérú pa á lójú. Èbù tí a bá ti gé kì í pẹ́ jẹrà. Bí kò bá tètè wọlẹ̀, Ìsà kò ní iṣu lọ́dún yìí. Ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lóun nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Carole dé láti Atakpamé. Ẹ̀gbọ́n Bérénice ni, olùkọ́ ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń lọ láti abúlé dé abúlé sọ̀rọ̀ ìdọ́gba ọmọ ènìyàn. Ó bá àwọn mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì.

"Àró Ìsà kọ́ lòní?" Carole béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n Carole, àwọn Fúlàní ló fi màlúù jẹ oko wa," Gilbert ní.

"Màlúù Ìsà?"

"Ìsà kò ní màlúù."

"Ta ló wá ni wọ́n?"

"A kò tíì mọ̀. Àwọn náà ni ṣá."

"Àwọn wo?"

Carole tọ́ka sí àwo tó wà láàárín wọn.

"Wàgàsì tí ẹ ń jẹ yìí, ta ló ṣe é?"

"Ìyá Ìsà," Espoir ní. Ó rọra dá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Jẹ ẹ́ tán. Wàgàsì kò ṣẹ̀ ọ́." Carole jókòó tì wọ́n. "Modeste, Bérénice ti sọ ọ̀rọ̀ Jules fún mi. Kí ni onílé yẹn wí?"

"Ó ní ọmọ Áfíríkà kan ti ba ilé òun jẹ́ rí." Modeste wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a ṣe fún Ìsà náà nìyẹn."

"Òun náà ni."

"Ti òyìnbó yàtọ̀," Gilbert ní. "Tiwa, wọ́n jẹ oko."

"Wọ́n ba ilé onílé yẹn náà jẹ́. Gilbert, ó dùn mí pé oko yín ṣòfò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó rí darandaran náà. Ẹ lọ bá baálẹ̀, kó pe ẹni tó ni màlúù. Ẹnì kan ló ni màlúù, ẹ̀yà kọ́ ló ni ín."

Carole nawọ́ sí ọ̀nà oko.

"Ẹ fẹ́ kí ayé dọ́gba, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò mọ ìgbà tí onílé Jules máa yí padà. Oko Ìsà kò jìnnà."

Bérénice dìde. "Ó ṣe tèmi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Mò ń lọ."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Gilbert ló kẹ́yìn.

Ìsà rí wọn, kò dáwọ́ dúró. "Ẹ pẹ́."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má wá," Gilbert ní. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

"Mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Àwọn yòókù kì í lè pinnu nǹkan kan." Ìsà nawọ́ sí ìsàlẹ̀ oko. "Ọ̀hún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló le jù."

Bérénice rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ mú ẹni náà. Ẹ má fi àwọ̀ ara tàbí ẹ̀yà mú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí màlúù bá jẹ oko, ẹ gbé ẹjọ́ lọ bá baálẹ̀. Bí ó bá kan ẹnikẹ́ni nínú àró, ẹ lọ ṣe é fún un. Ohun tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ará yín lókè òkun, ẹ má ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn nílé.

Lóko Ìsà, wọ́n ṣíwọ́ nígbà tí oòrùn wọ̀. Ogójì ebè péré ló kù fún ọ̀la.