Ọwọ́ Ta Ló Wà Lórí Sítíárìn?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí píkọ́ọ̀pù náà kọ́kọ́ yà sápá òsì fúnra rẹ̀, Lorna rò pé òkúta abẹ́ yìnyín ló ti táyà. Òun nìkan ló wà nínú pápá. Ó dúró sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn ìdì koríko gbígbẹ, ó ń da koríko sílẹ̀ fún àwọn màlúù tó ń tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹnì kankan níwájú nídìí sítíárìn. Ọkọ̀ yà díẹ̀díẹ̀, ó rìn síwájú, ó tún padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kọjá tán ni Lorna tó rántí ohun tí wọ́n yà fún.

Kànga àtijọ́ ni. Emmett ọkọ rẹ̀ ló fi pákó bò ó lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, tó sì da iyanrìn lé e lórí. Koríko ti hù níbẹ̀, yìnyín sì ti bo koríko. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ pé pákó náà ti jẹrà, Emmett sì ti kú láti ìgbà ìrúwé.

Ní agbègbè òkè iyanrìn ní Nebraska, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ọkọ̀ tó ń rìn láìsí awakọ̀ kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó bá dá wà nígbà òtútù á fi ọkọ̀ sí jíà tó kéré jù, á jẹ́ kó máa wọ́ bí ìgbín, á bọ́ sílẹ̀, á gun ẹ̀yìn, á máa bọ́ màlúù rẹ̀. Bó bá ṣe tán, á sáré padà síwájú. Ohun tí wọ́n fi ń dá píkọ́ọ̀pù tuntun lẹ́jọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í wo ọ̀dà tó ń dán. Ṣé ó ń jí láàárọ̀ òtútù? Ṣé ó ń lọ tààrà bí o bá kúrò nídìí sítíárìn rẹ̀? Èyí tó bá ń lọ tààrà ni wọ́n ń fọkàn tán. Èyí tó bá ń yà, ọ̀tá ilé ni.

Nígbà ayé Emmett, òun ló ń wakọ̀, Lorna á wà lẹ́yìn. Bí Lorna bá fẹ́ kó dúró, á kan òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá fẹ́ kó máa lọ, á kàn án lẹ́ẹ̀kan. Emmett kì í ṣe ẹlẹ́nu, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí tó dùn tó bó ṣe ń dúró wẹ́rẹ́ nígbà tí Lorna bá kàn án. Láti ìgbà tó ti kú, kì í ṣe ibùsùn tó ṣófo ló ń ká obìnrin náà lára jù. Iwájú ọkọ̀ tó ṣófo ni.

Virgil, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló bá a yẹ píkọ́ọ̀pù náà wò lọ́jọ́ tí Lorna rà á lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Harriet, ní ìlú kejì, tó ní ọkọ òun tó ni ín ti kúrò nílé. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n tuntun ni lójú Lorna. Virgil ta táyà nípàá, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kan irin tó gbé e ró, ó ti ìka bọ ọ́ìlì ó sì gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ìyàwó wa, ẹ́ńjìnnì yìí á sin èmi àti ìwọ," ló wí. "Àwọ̀ ẹ̀ nìkan ni ò dáa. Ó jọ ìgbẹ́ màlúù."

"Ṣebí ìgbẹ́ màlúù náà ló ń bọ́ gbogbo wa."

Nísinsìnyí tí Lorna sọ fún un pé ọkọ̀ ń yà, Virgil fajú ro. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi ọkọ̀ sí jíà tó kéré jù, ó bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn. Ọkọ̀ lọ tààrà bí okùn tí wọ́n fà. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dorí kọ ọ̀gbun tó wà lẹ́bàá odò, kò sì fẹ́ yà rárá. Virgil tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún sá eré tí kò sá rí láti kékeré kó tó bá a.

"Ó ń lọ tààrà," ló wí nígbà tó padà dé, tó ń mí gúlegúle. "Ó tiẹ̀ ń lọ tààrà jù."

"Ó yà fún mi láàárọ̀."

"Ọkọ̀ tó ń yà láàárọ̀ tí kì í yà lọ́sàn-án? Dá a padà, Lorna. Bí o bá já bọ́ láti ẹ̀yìn, tó sì gorí ẹ, ta ló máa gbọ́? Màlúù?"

Lorna gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn yẹ sítíárìn wò, ó yẹ táyà wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tún yà fún kànga. Ó yà fún ihò ẹranko. Ó rọra gun òkè níbi tí Emmett máa ń gbà gùn ún. Lorna ń da koríko, ó ń wò ó. Ó rí ọmọ màlúù kan tó ṣubú lẹ́yìn àwọn yòókù. Láìrò ó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó nawọ́, ó kan òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ dúró.

Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó ń kùn bẹ́ẹ̀, èéfín ń jáde, ṣùgbọ́n táyà kò yí. Atẹ́gùn ń gbá yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lorna dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin tútù náà. Nígbà tó ṣe, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Emmett," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ.

Láti ọjọ́ náà, Lorna kò tún sọ fún Virgil pé ọkọ̀ ń yà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun kó tó jáde lọ bọ́ màlúù. Ó lọ wá lọ́fínńdà tí kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ lọ, á súnmọ́ gíláàsì tó wà lẹ́yìn orí ìjókòó awakọ̀, á máa sọ tilé toko: màlúù tó bí ìbejì, páì tó jóná, bí ilé ṣe tóbi jù fún ẹnì kan. Ó sọ àwọn nǹkan tí kò lè sọ nígbà tí ọkùnrin náà ní etí tó fi ń gbọ́. Ó ní, "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wà láìsí ẹ."

Ohun kan wà tí kò fẹ́ wò. Láti inú gíláàsì ó máa ń rí sítíárìn bó ṣe ń yí. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni Emmett fi ń yí i, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Èyí ń yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, bí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, tí ẹ̀rù sì ń bà. Ó rí i, ó sì gbójú kúrò. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè ibi tí omi ti ṣàn wá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ikú ti kọ́ ọ ní sùúrù.

Virgil ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, ó dúró sẹ́nu géètì, ó rí bí ọkọ̀ ṣe yípo pápá láìsí awakọ̀, ó sì rí bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń bá gíláàsì rẹ́rìn-ín.

"Lorna," ló wí nígbà tí wọ́n wọlé, tó gbé kọfí síwájú tí kò mu ún. Kò pè é ní ìyàwó wa. "Pe ìyá tó tà á fún ẹ. Bí ìwọ ò bá pè é, èmi á pè é."

Lorna tẹ fóònù. Ẹ̀rù ń bà á pé ìdáhùn kan á wà.

"Ẹ ǹlẹ́, màmá. Èmi ni mo ra ọkọ̀ ọkọ yín. Mo kàn fẹ́ béèrè bóyá ó ní ìwà kan tó yẹ kí n mọ̀."

Harriet béèrè: "Ṣé ó ń yà ni?"

"Ó ń yà, mà."

"Láàárọ̀, tí ẹ bá ń bọ́ màlúù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Jésù," ni ìyá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ mi, wá kí ọkọ mi. Wá láàárọ̀."

"Mo rò pé bàbá ti kú ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní ó ti kúrò nílé ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lorna gba ọkọ̀ Virgil, ó sì fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún un pé kó bá òun bọ́ màlúù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Harriet mú un wọ̀, nínú yàrá kékeré kan tó ń gbóòórùn ọṣẹ. Orval, ọkọ rẹ̀, dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ̀gbà ló kọlù ú nígbà ìwọ́wé, kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Harriet jókòó, ó mú aṣọ òtútù tó ń fọwọ́ hun.

"Wò ó," ló wí. "Ó ti tó àsìkò tó fi máa ń wakọ̀ bọ́ màlúù."

Lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ méjèèjì bàbá náà dìde. Wọ́n di ohun tí kò sí níbẹ̀ mú. Wọ́n yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì.

Lorna mọ̀ wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n bí a ti ń mọ ohùn ẹni tó ń bá wa gbé. Gbogbo òtútù ayé wọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe Emmett. Kì í ṣe Emmett láti ìbẹ̀rẹ̀. Arúgbó tí kò mọ̀ rí ló ti ń ya irun fún, òun ló sọ fún pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà láyé. Ojú tì í, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn kò ní ìrètí kankan tó lè já. Ó dìde láti máa lọ.

"Ta ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yẹn?" ni Orval wí.

Aṣọ tí Harriet ń hun já bọ́ sílẹ̀. Ojú bàbá náà ṣì wà ní dídì, ohùn rẹ̀ sì ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Koríko tó ń dà ti pọ̀ jù. Ó ń fi nǹkan ṣòfò."

"Virgil ni, bàbá," ni Lorna wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Hùn-ún."

Lorna súnmọ́ ibùsùn. "Bàbá, ẹ ò dé ilẹ̀ wa rí. Ta ló sọ fún yín pé kànga wà níbẹ̀?"

"Ẹni tó ń jókòó tì mí."

Harriet náà súnmọ́ ibùsùn.

"N ò mọ orúkọ ẹ̀," ni Orval wí. "Kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá dé ibi tí ilẹ̀ ò dáa, á fọwọ́ kan orúnkún mi, màá yà. Ó wù ú kó wà á fúnra ẹ̀. Ó gbìyànjú. Ọwọ́ ẹ̀ ò di nǹkan mú."

"Kí ló ń ṣe báyìí?" ni Lorna béèrè.

Ọwọ́ bàbá náà dúró lójú òfuurufú.

"Ohun tó máa ń ṣe náà ni. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wo inú gíláàsì. Ó ń wá ẹ. Ó fọwọ́ kàn mí pé kí n dúró, kò rí ẹ."

Lorna kò dágbére. Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó sì sáré jáde, kò rántí dé fìlà. Ọ̀nà tó gùn ló gbà padà, yìnyín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nígbà tó dé ẹnu géètì. Píkọ́ọ̀pù náà dúró láàárín pápá. Virgil dúró jìnnà sí i, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

"Ó kàn dúró ni," ló wí. "Mo ti pa ẹ́ńjìnnì, mo ti tún un tàn, mo ti tẹ iná. Kò lọ. Lorna, kò lọ."

Lorna kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tí koríko ti tán níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ nu yìnyín kúrò lójú gíláàsì. Ó gbé ojú rẹ̀ síbẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìmì, pẹ̀lú omijé tó ń dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kí lò ń wò níbẹ̀?" ni Virgil béèrè.

"Mi ò wo nǹkan kan. Òun ló ń wò mí."

Virgil rìn wá. Ó yọjú wo iwájú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wò ó títí. Kò rí ẹnì kankan. Síbẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.