Ìkùukùu Dúdú Tí Iredélé Fi Òwú Ṣe

Iredélé kò lè jókòó. Á dìde, á yọjú lójú fèrèsé, á tún sáré padà sídìí ìkùukùu rẹ̀. Òwú ló fi ṣe é, láti fi ṣàfihàn ìkùukùu ojú ọ̀run tí ìràwọ̀ ti ń jáde. Ìyá àgbà rẹ̀, ará Bùnú tó mọ òwú ran dáadáa, ló bá a tú u fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi èédú kùn ún títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Orin ni wọ́n ń kọ sí i:

"Rọra, òwú, rọra o,
Ohun tó ń bọ̀ kò tíì dé!"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú, kí wọ́n sì yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣojú wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Àbújá. Iredélé kò tíì kúrò ní Lọ́kọ́ja rí. Tara-tọkàn ló fi fẹ́ lọ.

Obed, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wá pè é kí wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́. Bó ti rí òwú náà, ẹ̀rín pa á.

"Iredélé! Ibi tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ nìyí, àbí irun ewúrẹ́? Abeg, jẹ́ ká ra gílítà ní Old Market, kó máa dán!"

"Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ìràwọ̀ ti ń..."

"Ta ló fẹ́ wo òkùnkùn?"

Ọkàn Iredélé kò balẹ̀ mọ́. Ní Old Market, ó ra gílítà, lẹ́búlẹ́bú tó ń dán, ó dà á bo gbogbo òwú náà.

Nílé ẹ̀kọ́, nígbà tó kàn án, Ìyáàfin Comfort, olùkọ́ fisíìsì, bi í pé, "Báwo ni ìràwọ̀ ṣe ń di ìràwọ̀?"

"Nínú ìkùukùu gáàsì àti eruku ni, mà. Ó tutù, ó ki, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè là á kọjá. Gáàsì náà á máa fa ara rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí àárín rẹ̀ á fi gbóná, tí á tàn."

"O káre! Ó yá, fi òkùnkùn náà hàn mí."

Iredélé fi ìka wá a kiri. Gbogbo rẹ̀ ń dán yanranyanran.

"Mo ti bò ó, mà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Nàbílà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn mìíràn, ni wọ́n yàn.

Nílé, ìyá àgbà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán. "Ṣé o kò mọ̀ pé ìkùukùu náà kì í dán bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ìyẹn ló dùn mí. Ká ní o kò mọ̀ ni, ǹ bá bá Obed rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin ọmọ mi, a lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ òtítọ́, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín ẹlẹ́gbẹ́. Obed tó rẹ́rìn-ín kò pàdánù nǹkan kan; Iredélé ni kò rí Àbújá lọ.