Ojú Ọ̀bẹ Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ọláoyè, igi ló ń bó ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Ìgèdè. Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí kò ní pẹ́ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ wá láti yunifásítì?" ó béèrè. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ èèpo igi ibà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àpò kan."

"Àpò kan kẹ̀? Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan la máa ń bó. Bó bá jinná, a tún padà wá. Ẹni tó bá bó o yípo ti pa á nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Yèyé." Kò dá mi lóhùn. Àṣé kò gbọ́ ni. Ogún ọdún ló ti ń mu àgbo igi náà. Ibà ń lọ, etí náà ń lọ. Ọkọ rẹ̀ tó gbin igi náà, etí rẹ̀ ti di pátápátá kó tó kú.

Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Nínú láàbù mi l'Ádó, mo ti yọ ohun tó ń pa ibà nínú èèpo náà. Iṣẹ́ tó kù ni kí n tún un mọ: kí n gé nǹkan bín-ín-tín kúrò lára rẹ̀, kí n so òmíràn mọ́ ọn, bóyá yóò lè wo ibà kó má di ènìyàn létí.

Gbogbo Sátidé ni Ọláoyè ń gbé èèpo wá fún mi ní ìkóríta Adébáyọ̀ l'Ádó. Láìpẹ́, èmi ni mo ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó kun ètè, ó ń dúró de èèpo igi!

"Mọnínúọlá, oníláàbù mi," á ní, "tòní ńkọ́?"

"Kò di etí mọ́. Ṣùgbọ́n kò pa ibà mọ́ náà."

"Gbé ọ̀bẹ síbòmíràn, olùfẹ́. Má bínú sí i."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ó ní òun fẹ́ sọ fún Yèyé pé òun ti rí ìyàwó.

Oṣù Kẹsàn-án, èèpo tán. Ọláoyè wà ní oko ní Ìjàn. Mo ti gbìyànjú ìgbà ogún, mo sì mọ̀ pé mo ti ń sún mọ́ ọn. N kò lè dúró. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí Yèyé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ bó igi náà fúnra mi. Àtẹ́lẹwọ́ kan, kò tó. Méjì, kò tó. Kí n tó mọ̀, ọ̀bẹ mi ti padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà ti gbẹ.

Mo jẹ́wọ́ fún Ọláoyè. "Bí Yèyé bá mọ̀, kò ní gbà ọ́ láéláé," ó ní. "Èmi ni mo bó o." Ó sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Yèyé kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tó pa ohun tí bàbá rẹ̀ gbìn, kò ní í gbé ìyàwó wọ ulé mi." Láti ọjọ́ náà, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọláoyè ṣì ń pọn omi fún un láràárọ̀, á gbé e kalẹ̀, á máa lọ.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí: oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kó ru ẹrù mi.

Láàárín oṣù mẹ́ta náà ni ìgbìyànjú kọkànlélógún yọrí sí rere. Mo fún àwọn eku tí ibà ń ṣe ní oògùn náà, ibà náà lọ. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn fò. Ó yẹ kí n jó. Ẹkún ni mo sun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. Yèyé ń ṣa ẹ̀wà nídìí igi gbígbẹ náà. Mo kúnlẹ̀.

"Yèyé, èmi ni mo bó igi yín," mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni!"

"N ò gbọ́."

Kò sí ọ̀nà àbùjá. Mo fi gbogbo ohùn mi ké e, débi pé ará ilé kejì yọjú: "Èmi ni mo pa igi yín! Ọláoyè ò ṣe nǹkan kan!"

Nídìí kànga tí Ọláoyè ti ń pọn omi, mo gbọ́ tí korobá já lulẹ̀.

Yèyé gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó fa ọwọ́ mi lé ara igi, níbi tí ọ̀bẹ ti kọjá.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni mo bí," ó ní. "Apá kejì ni ojú ọ̀bẹ tiẹ̀ máa ń dà sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló bó èyí. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Irọ́ tó pa fún mi ló dùn mí, àti ìwọ tó jẹ́ kó pa á. Mo ń wò ó bóyá wàá wá."

Mo fi ìka tọ ojú ọ̀bẹ náà lára igi.

"Oògùn náà ńkọ́?"

Mo ké e sí i létí: ó ti ṣiṣẹ́ lára eku. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó dé ẹnu ènìyàn.

"Kò ní bá etí tèmi."

Mo mi orí. N kò lè pariwo ìyẹn.

Ó nu ojú mi pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Kí ọmọ tí ẹ máa bí ṣá ti máa gbọ́," ó ní. "Pe ọkọ rẹ fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo pè é kẹ́yìn."

Mo pè é. Ó dáhùn láti ìdí kànga.

Yèyé ń wo ẹnu mi. "Ṣé ó ti dáhùn?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì fi orí sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.