Bàtà Òjò Pupa

Èéfín ni Gorata kọ́kọ́ rí. Ó ń rú tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilé kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò lẹ́nu gééètì tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò nítorí àrùn màlúù, ó sì ń gbé òórùn ẹran sísun bọ̀ wá bá òun, ìyá rẹ̀ àti Bọ̀dá Moagi nínú ọkọ̀.

“Ṣé o gbọ́ òórùn yẹn?” Bọ̀dá Moagi ń fa imú. “Ṣé mo sọ fún ọ àbí n ò sọ fún ọ?”

Ó ti sọ ọ́ lóòótọ́. Àtàárọ̀ tí wọ́n ti kúrò ní Maun ló ti ń sọ ọ́. Bọ̀dá Moagi, àbúrò ìyá Gorata, ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló sì mọ ohun gbogbo láyé. Ìdí tábìlì ló máa ń jókòó sí ní ọ́fíìsì kan ní Gaborone, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìrìn àjò ìsinmi yìí ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ ọdẹ ló ń wọ̀, pẹ̀lú fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wo erin, tí wọ́n wo erinmi, tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín koríko. Kò sí ẹranko kan tí Bọ̀dá Moagi kò ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ẹranko náà ló sábà máa ń wà lẹ́yìn, ní kékeré.

Ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe nítorí àrùn màlúù ni àwọn òṣìṣẹ́ gééètì yìí ṣe ń gba ẹran lọ́wọ́ èrò ọkọ̀. Ó ní ebi ló ń pa wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ti lọ tán, wọ́n á kó ẹran onítọ̀hún sórí iná, wọ́n á máa fi ọtí sìn ín lọ sọ́fun.

Ẹran sì wà nínú ọkọ̀ wọn tí àwọn òṣìṣẹ́ náà lè gbà. Ọ̀rẹ́ ìyá Gorata tí wọ́n dé sí lọ́dọ̀ ní Maun pa màlúù, ó sì gé ẹran itan ńlá kan fún wọn. Ìyá Gorata ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí ẹran tútù kọjá gééètì náà sí ìhà gúúsù. Bọ̀dá Moagi ní òun ti dá a padà. Kò dá nǹkan kan padà. Ó pe Gorata sẹ́yìn ọkọ̀ ní àárọ̀ yẹn.

“Wọn kì í tú àpò ọmọ ilé ìwé,” ó ní. “Ìwọ lọpọlọ rẹ pé jù nínú ìdílé yìí, ìyẹn ni mo ṣe pè ọ́.”

Gorata, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n fẹ́ kí òun pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ọpọlọ òun pé. Ó sì ti ń ro bí òun yóò ṣe ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bí òun ṣe gbọ́n ju àwọn alájẹkì gééètì lọ. Ó fi ọ̀rá we ẹran náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Ó gbé bàtà òjò pupa rẹ̀ lé e, èyí tí ẹrẹ̀ etí omi tí àwọn ẹfọ̀n ti ń mumi ṣì wà lára rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gáà bàbá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Agbo màlúù tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí bàbá náà ní láyé. Ní ọ̀la ni yóò mú Gorata wọnú ọgbà màlúù, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹgbọrọ abo màlúù kan tí yóò máa jẹ́ tirẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Gorata ti ń retí ọjọ́ náà.

Wọ́n dúró ní gééètì. Ìyá Gorata wọlé lọ kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Gorata ń fi ojú kó ẹ̀rí jọ. Ọkùnrin sísanra kan jókòó síbi òjìji, ó ń fi igi ta eyín. Àwọ̀n irin bí èyí tí wọ́n fi ń sun ẹran fara ti ògiri. Kí ló tún kù?

Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ló tọ̀ wọ́n wá. Boitshepo ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n gbé ẹran tútù.

“Ẹran kẹ̀?” Bọ̀dá Moagi rẹ́rìn-ín. “Àwa tí à ń jẹ ewéko bí àgbọ̀nrín.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí kúlà wọn, ó rí yìnyín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sínú omi oògùn, kí wọ́n sì kó gbogbo bàtà mìíràn tí wọ́n bá ní jáde, torí ẹrẹ̀ ibi tí ẹfọ̀n ti rìn lè gbé àrùn ran màlúù. Bọ̀dá Moagi kó bàtà ọdẹ rẹ̀ wá. Ó ń dán, ẹrẹ̀ kò kàn án rí.

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí nìkan ni mo gbé wá, mà,” ni Gorata dáhùn.

Obìnrin náà ń wo àpò rẹ̀. Bọ̀dá Moagi rí i pé ó ń wò ó, ó sì sáré yọ fóònù láti fi yí ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní kí àǹtí wá wo bí òun ṣe sún mọ́ erin. Àǹtí wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó dúró lórí ìkarùn-ún.

“Ta lẹni tó wà lẹ́yìn yín yìí?”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí mo ṣe dúró.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò.” Ó yíjú sí Gorata. “Bàtà pupa yìí dà?”

Gorata wo Bọ̀dá Moagi. Bọ̀dá Moagi ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. Kò sí ohun tó kù ju kí ó ṣí àpò lọ. Bàtà jáde, ẹ̀jẹ̀ ẹran ti ta sí i lára. Ìgbà náà gan-an ni ìyá rẹ̀ jáde láti ọ́fíìsì.

“Moagi,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Bọ̀dá Moagi ní kí wọ́n má bu iyọ̀ púpọ̀ jù sí i tí wọ́n bá ń sun ún.

Obìnrin náà fa ẹran náà yọ láti inú àpò. Ó gbé e lé Gorata lọ́wọ́, ó ní kó tẹ̀ lé òun. Kòtò jíjìn kan ló wà lẹ́yìn ilé. Ẹran oríṣiríṣi ń jóná nínú rẹ̀, ó ti dúdú bí èédú, kẹrosíìnì sì ń rùn lára rẹ̀. Àwọ̀n irin mìíràn bíi ti iwájú wà lórí kòtò náà kí ajá má baà kó sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọkùnrin sísanra yẹn ti wá ń fọ abọ́ rẹ̀, ẹ̀wà ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

“Ìwọ ni kó o jù ú sí i.”

Gorata jù ú sí i.

“Níbo lẹ ń lọ?”

“Gáà bàbá ìyá mi, mà.”

Obìnrin náà mú búrọ́ọ̀ṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Ẹnì kan gbé irú ẹran yìí kọjá nígbà tí mo wà ní kékeré. A ò mọ onítọ̀hún títí dòní. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n yìnbọn pa gbogbo màlúù bàbá mi, kí àrùn má baà ràn. Bàbá mi kò sunkún. Ó kàn jókòó, ó ń ká okùn.” Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. “Fọ bàtà rẹ. Má sì wọ ọgbà màlúù kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì.”

Wọ́n kọ orúkọ Bọ̀dá Moagi sínú ìwé àwọn arúfin. Ó ní wọ́n ṣì í kọ, ó sì bá wọn tún un ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàbá àgbà dúró lẹ́nu ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, ó di okùn tuntun mú. Ó ju ọwọ́ sí Gorata pé kó máa bọ̀. Gorata dúró lókèèrè. Ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, àwọn ẹgbọrọ màlúù sì ń wò ó láti inú ọgbà.

“Ta ló pa irọ́ náà?” ni bàbá béèrè. “Ìwọ ni àbí Moagi?”

“Èmi ni, bàbá.”

Bàbá rora ká okùn náà, ó fi kọ́ èjìká. Gorata kò lè wò ó.

“Ìsinmi tó ń bọ̀ lo máa yan tìrẹ,” bàbá ní. “Ọkọ̀ èrò ni kó o wọ̀ wá. Má bá Moagi wá.”

Gorata dúró síbẹ̀ títí bàbá fi ti ọgbà. Ó rántí èéfín, àwọ̀n irin àti ọkùnrin tó ń ta eyín. Gbogbo ìfura rẹ̀ ló fi wo ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sì ṣẹ́ díẹ̀ kù láti fi wo àpò ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnì kan bá yìn yín pé ọpọlọ yín pé, tó sì gbé nǹkan lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ gbé e pamọ́, ẹni tó gbé e lé yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.