Awò Ṣúgà Tó Fẹ́ Sọ Òjó Dẹlẹ́wọ̀n

Ìgbátí Àlàó ba Òjó lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀ṣúnwùmí, ẹ̀gbọ́n Òjó tó ń pọn ọtí náà, figbe ta.

"Ta ló bomi la ọtí yìí?" Àlàó jágbe.

"Kò sẹ́ni tó bomi là á, sà," ni Òjó dáhùn.

Wolé-wolé ni Àlàó pe ara rẹ̀ nígbà tó wọ Ìlá láàárọ̀ náà, ó wọ kákí, ó wa mọ́tò. Awò kékeré ọwọ́ rẹ̀ ń fi nọ́ńbà hàn bí ṣúgà inú omi ọtí ti pọ̀ tó. Àlàó ti ṣan gíláàsì awò náà nínú omi, ó kán ọtí tuntun tó ti tutù sí i, ó sì ní kí Òjó, tó kàwé dé Standard Mẹ́ta, fojú ara rẹ̀ wò ó. Mẹ́fà ni Òjó rí. Àlàó ní ojúlówó ọtí kì í dín ní mẹ́rìnlá, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì ni ti ẹni tó bá ta àbùlà.

Ọ̀ṣúnwùmí yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Òjó, àbí o bù ú mu, o wá fi omi dípò?"

Òjó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Àlàó fọ́ ìkòkò méjì, ó de Òjó bí àgbò Iléyá, ó jù ú sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ṣágo ọtí mẹ́rin tó pè ní ẹ̀rí, ó kọrí sí Ọ̀rà.

Ọ̀ṣúnwùmí ń sunkún, ó yọ igbá nínú omi láti tọ́ ìyókù wò, ó sì nu igbá náà gbẹ kó tó bù. Ní ilé wọn, ẹni bá fi igbá tútù tọ́ ọtí wò, ìkó ni yóò jẹ, nítorí omi ara igbá ń ba ọtí jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. Olè yẹn kò nu gíláàsì! Ẹ̀kán ọtí kan ṣoṣo, lórí omi, ìyẹn ló sọ ọ́ di mẹ́fà!

Ó sáré bá Èṣùbíyì, akódà tó ń ṣọ́ ìlú fún ọba. Wọ́n wọ mọ́tò onípákó, wọ́n bá Àlàó ní gáréèjì Ọ̀rà níbi tó ti ń ta ṣágo.

"Ẹ̀rí ìjọba lò ń tà?" Èṣùbíyì bú mọ́ ọn.

Àdá ni Àlàó fi dá a lóhùn, ó ṣá a léjìká, ó fò sínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì kọ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti mú irin tí wọ́n fi ń yí i, àmọ́ Ọ̀ṣúnwùmí ti mú irin náà ṣáájú rẹ̀. Ó là á mọ́ ọrùn ọwọ́ Àlàó, egungun dún, àdá bọ́. Àwọn èrò gáréèjì dà bò ó.

"Ìjọba ló rán mi! Awò kì í purọ́!"

"Ẹ kán omi lásán sí i, akódà," ni Ọ̀ṣúnwùmí wí.

Èṣùbíyì kán omi sí awò náà, ó wò ó. "Òdo."

"Ẹ nù ún gbẹ. Gbẹ pátápátá. Ẹ wá kán ọtí mi sí i."

"Mẹ́rìnlá! Ó tún lé díẹ̀."

Bàtà kan wọ Àlàó níhà, ni ẹnu rẹ̀ bá là. Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń pọn bíà nílé, tí òun Àlàó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún l'Ékòó, ló ti jí awò náà. Obìnrin márùn-ún ló ti fi kó lọ́tí ní Ọ̀tan. Èṣùbíyì so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Abẹ́ tapólì tó bo ẹ̀yìn mọ́tò Àlàó ni wọ́n ti fa Òjó yọ. Ọ̀ṣúnwùmí gé okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Òjó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gíláàsì ni mo gbà gbọ́, Òjó. N kò gba ẹnu rẹ gbọ́." Ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ọmọ tó fẹ̀yìn pọ̀n. "Jọ̀ọ́."

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Òjó na ọwọ́ rẹ̀ tí okùn ti mú wú sí i, ó sì fà á dìde.