Olè Tó Ní Òun Wá Wọn Ariwo

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò abẹ́ bàálù padà dé láti gbọ̀ngàn ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, fèrèsé kankan kò fọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìkángun òpópónà ló kọ́kọ́ figbe ta. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ti lọ, ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ti lọ, kódà ẹ̀rọ ìlọta inú kíṣìnì kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, wọ́n ti ń ké nílé kejì. Olè ti rìn káàkiri bí onílé, torí kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣílẹ̀kùn. Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́? Àwọn fúnra wọn ni. Ta ló ní kí wọ́n fún un? Ìyá Telà ni.

Opó ni Ìyá Telà, iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Òun ló ń ṣojú àdúgbò nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfuurufú àti ìjọba ìlú jọ gbé kalẹ̀. Orí òrùlé wọn ni bàálù ń gbà balẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kì í sùn jinlẹ̀, aláìsàn kì í sinmi. Ó pẹ́ tí ìlú àti pápákọ̀ ti ń ti ẹ̀bi sí ara wọn lọ́rùn kí wọ́n tó jọ jókòó. Wọ́n wá fẹnu kò: pápákọ̀ á ra fèrèsé onígíláàsì méjì tó ń dí ariwo, ìlú á wá àwọn tó máa gbé e kọ́, wọ́n á sì kọ́kọ́ wọn ariwo inú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá Telà ló ń ti ojúlé dé ojúlé ṣàlàyé, torí tirẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Awọnariwo, bí olè náà ṣe pe ara rẹ̀, gbà wọlé. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán, akoto lórí, ìbòmú lẹ́nu, awò dúdú lójú, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná pupa lọ́wọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ ló rán òun.

"Ilé gbọ́dọ̀ ṣófo, mà. Bí èèyàn bá kàn mí èémí lásán, ẹ̀rọ yìí á kà á mọ́ ariwo. Kí gbogbo yín lọ dúró sí gbọ̀ngàn, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí. Ìyá Telà fọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ jọ sínú agbọ̀n òwú rẹ̀, ó gbé e lé olè lọ́wọ́. Kò bi ìgbìmọ̀ léèrè. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń retí fèrèsé yẹn.

Èyí tó wá burú jù ni pé ilé kan ṣoṣo ni olè fò. Ilé Ìyá Telà ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti di gbọ́yìí-sọ̀yìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ni wọ́n ń wí. Tíṣà, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ olóògbé ọkọ Ìyá Telà, dé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òrùka ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni olè gbé lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ kó aṣọ mi fún mi."

"Mi ò tíì gé e, Tíṣà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Kò wò ó lójú. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn yòókù ti kó tiwọn, pẹpẹ tó ń kó aṣọ oníbàárà sí ti ṣófo. Ìyá Telà gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sunkún. Orúkọ rere nìkan ló ní láyé, olè sì ti gbé e lọ láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Kí ló dé tí olè fo ilé yín?"

"Mi ò mọ̀."

"Níbo lẹ ti pàdé ẹ̀?"

"Ẹnu ọ̀nà yìí náà ni. Ó kí mi, ó ní kí n—"

Ó dákẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Ó ní kí ẹ ṣe kí ni? Irọ́ lẹ ń wá?"

Kò dáhùn. Ìgbà náà ni bàálù dé, ó bú ramúramù kọjá lórí òrùlé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń pariwo ìbéèrè, ẹnu rẹ̀ ń ṣí ń pa dé lásán.

"Kó kọ́kọ́rọ́ jọ," ni Ìyá Telà parí rẹ̀ nígbà tó rọlẹ̀.

"Ẹ ti dákẹ́ kí n tó gbọ́ bàálù rárá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Ṣé mo dákẹ́ ni?" Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. Ó gbójú sókè. Àlùmọ́gàjí tó fi kọ́ ìṣó lára ògiri ṣì ń mì. "Ìyẹn ló kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ọ̀gá. A ò mọ̀ pé à ń ṣe é mọ́."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbá orí tábìlì mú. "Òun náà dákẹ́. Olè yẹn. Ó nawọ́ sí agbọ̀n, ó dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, àwa méjèèjì dákẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ó sọ fún mi pé òun ò dé àdúgbò yìí rí."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Ọmọ ibí ni, ìyá."

Láìpẹ́, ọlọ́pàá rí bọ́ọ̀sì funfun kan lẹ́yìn ọjà àlòkù, tẹlifíṣọ̀n nọ́ọ̀sì sì wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ fojú gán-án-ní wọn, ó bẹ́ jáde, ó sá wọ àárín èrò, ó fo ọgbà. Wọ́n lé e títí, ó di àwátì. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ nìkan ló há sórí wáyà. Ẹ̀wù gidi ni, ti ilé iṣẹ́ tó ń gbé fèrèsé kọ́ fún ìgbìmọ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà pé òun mọ àdúgbò abẹ́ bàálù.

"Ẹ kó wọn wá bá mi," ni Ìyá Telà wí. "Níbí. Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jókòó sórí àga oníbàárà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀kan pariwo lé bàálù lórí títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Òmíràn fọwọ́ dí etí nígbà tí ariwo ti dé tán. Òmíràn ṣépè fún awakọ̀ bàálù. Ìyá Telà ń rán àkísà, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ yẹn?"

"Ilé ni, ọ̀gá. Inú ń run mí."

"O mọ àdúgbò yìí?"

"Rárá o. Òní ni mo kọ́kọ́—"

Ó dákẹ́. Ìyá Telà náà ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àlùmọ́gàjí ń gbọ̀n lára ògiri. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni bàálù wá dé, ó kọjá.

"Dé ibí," ni ọkùnrin náà parí.

Ó wá rí ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ta àga nù, ó já sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó wà níta ti gbá a ní bàǹtẹ́ mú. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

"Níbo lẹrù wà?"

Ó ń gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà.

"Bó o sọ, bó ò sọ, a máa tú ilé ẹ."

Ìyá Telà sún mọ́ ọn, ó wò ó títí. "Ọmọ Káfíńtà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ibi tí bàálù ń sáré gbà báyìí nilé yín wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ iléèwé ẹ."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin ni, mà. Ìdí tí mi ò fi wọlé yín nìyẹn. Wọ́n wó ilé wa, bàbá mi kú sínú yàrá tí wọ́n yá wa. Kò sí ìgbìmọ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó wá wọn ariwo tiwa."

"Ó dùn mí. Ṣé Tíṣà ló wó o? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lo fi ṣe àkàbà?"

"Torí tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Telà ju gbogbo ẹ̀sùn àdúgbò lọ. Ó padà lọ jókòó.

Ọmọ Káfíńtà jẹ́wọ́, ó mú wọn lọ síbi tó kó ẹrù sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti bá òrùka. Ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn kan náà, wọ́n tọrọ gáfárà: láti ìsinsìnyí, ẹni pápákọ̀ kan àti ẹni ìlú kan á jọ máa wá wọn ariwo ni, onílé á sì wà nílé. Ìyá Telà dìde. Ó ní kí wọ́n wá àwọn tí wọ́n wó ilé wọn kàn náà. Ọ̀gá pápákọ̀ wolẹ̀, ó ní àwọn á ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì, Tíṣà dé, aṣọ wà léjìká rẹ̀, nọ́ọ̀sì àtàwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

"Mo hùwà tí kò yẹ àgbà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí—"

Ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì dákẹ́. Gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà dákẹ́, àlùmọ́gàjí sì ń gbọ̀n lára ògiri. Bàálù dé, ó bú kọjá lórí wọn. Kò sẹ́ni tó yẹsẹ̀.

"Jì mí," ni Tíṣà parí rẹ̀.

Ìyá Telà gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó na okùn ìwọ̀n sí i léjìká. "Ẹ dúró dáadáa," ó ní. "Ẹ ti rù."