Ọwọ́ Tó Pa Ìlà Kan Rẹ́

"Ìlà àkọ́kọ́ yìí ni kò bójú mu." Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, Rẹ́jísírà ilé ẹ̀kọ́, fi bírò kan ìwé tó wà lórí tábìlì. "Ìyókù dára."

Dùnmínínú na ọrùn wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ohun tó kọ ni pé: Kí wọ́n kọ́kọ́ tún àtẹ̀gùn ilé ìkàwé ṣe, kó tó ṣe èèyàn léṣe.

Ọdún kejì Dùnmínínú nìyí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀dára, lójú ọ̀nà tó ti Adó lọ sí Ìyìn. Wọn kì í kọ́ ọmọ ní ẹyọ iṣẹ́ kan níbẹ̀. Èdè, ìtàn, orin, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni gbogbo wọn jọ ń kọ́, kí kálukú tó yan èyí tó wù ú. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣètò ọdún márùn-ún tó ń bọ̀: kí ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, kí ni yóò tẹ̀lé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan ẹnì kan tí yóò máa bá wọn jókòó. Dùnmínínú ni wọ́n yàn, torí pé ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ojú kì í sì í tì í níwájú àgbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nafeesah, ọmọ télọ̀ kan ní Òkè-Ìlá, ló gba kíláàsì dé kíláàsì tó ń béèrè ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́. Àtẹ̀gùn onípákó yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ. Ikán ti wọ inú rẹ̀. Bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé e, a máa ké bí aláìsàn.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun," Rẹ́jísírà ń bọ́rọ̀ lọ. "A fẹ́ kí wọ́n bá wa kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Tí wọ́n bá ka irú èyí, wọn á ní a ò lè tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Gbọ̀ngàn ni kó ṣáájú. Tó bá di ọdún kẹta, àtẹ̀gùn ló máa kàn."

"Ṣùgbọ́n àwọn tó rán mi ńkọ́, sà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ni nínú wọn tó máa ka ìwé yìí tán? Ìwọ ni mo fẹ́ kó kí àwọn àlejò káàbọ̀. Èmi náà ni n ó sì kọ lẹ́tà tí wàá fi wá ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó lọ́jọ́ iwájú ni ẹ́."

Dùnmínínú gba bírò. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fara mọ́ gbọ̀ngàn, ó sì buwọ́ lù ú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Nafeesah ń dúró dè é níta. "Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn," ni Dùnmínínú fèsì. Kò wo ojú rẹ̀.

Àwọn àlejò dé. Dùnmínínú kí wọn káàbọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Nafeesah gbé ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́rin mọ́yà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ilé ìkàwé. Àtẹ̀gùn náà já lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Dùnmínínú máa fi sáré débẹ̀, àwọn olùkọ́ ti ń yọ pákó kúrò lórí ọmọ náà. Ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Nafeesah di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Má sunkún mọ́. Ìwọ ṣáà sọ fún wọn. Àwọn ni wọn ò gbọ́."

Ìyá rẹ̀, Àlájà Mọ̀dínátù, gbé ọwọ́ lé Dùnmínínú lórí. "Ọlọ́run á bù kún ẹnu tó sọ òótọ́."

Dùnmínínú ṣe "Àmín." Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Nafeesah.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá sún àga ní kíláàsì, igbe àtẹ̀gùn ni yóò gbọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, yóò ta gìrì. Nínú ìjọsìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń dìde láti kọrin, tí bẹ́ǹṣì ń dún lábẹ́ wọn, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kedere létí: "Mo sọ fún wọn." Ó yíjú wò. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìtàn, olùkọ́ pè é, ó fi ìwé rẹ̀ hàn án. Ìbéèrè kẹta kò ní ìdáhùn kankan. Mo sọ fún wọn, mo sọ fún wọn, ló kún ojú ìwé náà, kò sì rántí ìgbà tó kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé láti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Òjó, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, dúró níwájú wọn, ó di fìlà rẹ̀ mọ́ àyà.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi tó wa létí," Rẹ́jísírà wí. "Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún un yín," bàbá náà fi ohùn Èkìtì rẹ̀ wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe uṣẹ́ ní ulé ìwé yìí."

Alága, Dókítà Monínúọlá, yíjú sí Dùnmínínú. "Ìwọ ni aṣojú akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé wọ́n fẹjọ́ àtẹ̀gùn yìí sùn?"

Rẹ́jísírà tẹ ojú mọ́ ọn. Dùnmínínú mọ ohun tí ojú náà ń sọ: lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó tún wo Bàbá Òjó, ẹni tí kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Wọ́n fẹjọ́ sùn, mà," ó wí. "Òun ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n rán mi. Rẹ́jísírà ní kí n yọ ọ́, mo sì yọ ọ́. Bàbá ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Wọ́n dá Rẹ́jísírà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Òjó padà sí ilé ìkàwé. Ìgbìmọ̀ fa ètò náà ya, wọ́n pinnu pé láti ìsinsìnyí, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ojú pátákó ni wọn yóò kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí gbogbo wọn kà á. Wọ́n sì yọ Dùnmínínú nípò aṣojú. Kò sí lẹ́tà kankan mọ́.

Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ìròyìn náà dé ilé ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Nafeesah tẹ́tí sí i dópin, ó sì kọjú sí ògiri.

"Máa lọ sílé, Dùnmínínú."

Bàbá Òjó bá a níbi tó jókòó sí lọ́jọ́ kejì, lábẹ́ igi máńgòrò. "O gbà mí, ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ọ: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún."

"Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, bàbá."

Nígbà tí Nafeesah padà sílé ẹ̀kọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn, dókítà sì ní ẹsẹ̀ kan yóò máa kúrú sí ìkejì títí ayé. Ó ń dá Dùnmínínú lóhùn bó bá kí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dùnmínínú kò bínú. Ẹni tí àwọn èèyàn bá fi ohùn wọn sí lọ́wọ́, kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Òótọ́ tó sọ gba bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ ìtìjú, ó sì tún ètò ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó bá pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu kì í to egungun tó ti ṣẹ́.